Etí Wa Lórí Òkun
Àwa ni ọ́físà rédíò tó kẹ́yìn lórí ọkọ̀ òkun. "Sparks" ni wọ́n ń pe gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ tí bàbá wa sọ wá. Ọ̀gá ọkọ̀ ló ń rán iṣẹ́, àwa la ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà, aago kan wà lára ògiri yàrá wa tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun apá méjì lójú rẹ̀: ìṣẹ́jú 15 sí 18, àti 45 sí 48. Bí ọwọ́ aago bá ti wọ ibi pupa, gbogbo ọkọ̀ àti ibùdó etíkun tó wà lórí ìgbì rédíò 500 kHz á dákẹ́, wọ́n á máa fetí sílẹ̀, bóyá ẹnìkan ń rì níbìkan tí bátìrì rẹ̀ kò lágbára tó láti borí ariwo wa. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe lórí omi, èyí la máa ń ròyìn jù fáwọn ọmọ wa, kì í sì í yé wọn. Ta ló máa pa fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní wákàtí kan nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí?

Àwọn kan máa ń fi Morse, àmì tí a fi ń ránṣẹ́ lórí rédíò, wé gángan. Rárá o. Gángan ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. Kúkúrú àti gígùn nìkan ni Morse ní. Ọwọ́ ni wọ́n fi jọra: ẹni tí a kò fojú kàn rí, bó bá ti tẹ lẹ́tà mélòó kan, a ti mọ̀ pé òun ni.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1999, GMDSS, ètò àgbáyé fún ìpè ìrànlọ́wọ́ lójú omi, gba gbogbo iṣẹ́ náà pátápátá. Bọ́tìnnì kan ni, ẹ̀rọ á sì sọ ibi tí ọkọ̀ wà fúnra rẹ̀. Ká sòótọ́, ó sàn ju tiwa lọ. Ẹni tí omi fẹ́ gbé kò ráyè tẹ kọ́kọ́rọ́ Morse.

Àwọn kan nínú wa bọ́ sílẹ̀. Àwa tó kù bọ́ sídìí iná àti ẹ̀rọ, a sì gbàwé àṣẹ àwọn tó ń fi rédíò ṣe fàájì, àwọn tí wọ́n ń pè ní ham. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, torí láìsí àṣẹ rẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ so wáyà mọ́ òpó. A ó gbé rédíò oníwọ́ọ̀tì 100 sórí tábìlì, a ó fi /MM kún ìdí àmì ìpè wa, kí ayé mọ̀ pé orí omi la wà. Irin lábẹ́ wa, omi iyọ̀ yíká: ham tó wà n'Íbàdàn kò lè rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rà fún rédíò rẹ̀.

Láti 2003 ni òfin àgbáyé kò ti sọ Morse di dandan mọ́ fún ìwé àṣẹ ham. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan ń kọ́ ọ, wọ́n tiẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ yára jù wá lọ. Ó ń bí wa nínú díẹ̀.

CQ la fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́. Fóònù sátẹ́láìtì kò mọ irú ìpè yìí, nọ́ńbà ló ń béèrè. Àwọn atukọ̀ kékeré ń fi íntánẹ́ẹ̀tì bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ láti àárín Àtìláńtíìkì, ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ta là ń pè. A ó ní a ò tíì mọ̀. Kí la wá fẹ́ sọ fún un? Ibi tí a wà, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bó ṣe ń gbọ́ wa sí, lẹ́yìn náà 73, ìkíni wa, ká tún pe ẹlòmíràn.