Ọ̀sẹ̀ Kan ní Abẹ́òkúta Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ

Lóṣù yìí, ìrìn àjò ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé ìdílé tí kì í rìn pọ̀, tí kì í jẹun pọ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín pọ̀, ó máa ń ṣòro fún wọn láti gbàdúrà pọ̀.

Ọmọbìnrin wa àti ọkọ rẹ̀ wá láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ méjì. Obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Àwọn ọmọ náà mọ Jésù, ṣùgbọ́n bí a bá sọ Yorùbá sí wọn, ojú ìyá wọn ni wọ́n ń wò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n máa lò. Àwa àti ìyá wọn àgbà jókòó, a ronú: kí ni a lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, tí àwọn ọmọ yìí kò fi ní di àlejò ní ilẹ̀ bàbá wọn? Abẹ́òkúta ni a mú.

Ní ọjọ́ Ajé, a wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021. Ọmọkùnrin kò kúrò lójú fèrèsé títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gun Òkè Olúmọ. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ fẹ́ fi gùn ún. A fi abẹ́ àpáta hàn wọ́n, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. A sọ fún wọn pé ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ ìlú yìí dó, àti pé abẹ́ òkúta yẹn ni ìlú ti gba orúkọ. Wọ́n rí ihò tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan lórí àpáta, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kí a tó kúrò nílé ni arákùnrin kan nínú ìjọ ti bi wá pé, “Pásítọ̀, ẹ kò ha mọ̀ pé ojúbọ wà níbẹ̀ ni?” Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a sọ fún un ni a ó sọ fún yín. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò kalẹ̀ nídìí àpáta náà ni Ọlọ́run ti dá a. A kò bá wọn bọ nǹkan kan, a kò sì dé ìdí ojúbọ. Ẹ ka 1 Kọrinti orí 8: Pọ́ọ̀lù kò fi ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fún òrìṣà ní agbára tí kò ní. Ọmọ tí a kò bá mú lọ síbẹ̀ kí a sì ṣàlàyé fún un, ẹlòmíràn yóò mú un lọ, àlàyé tirẹ̀ ni ọmọ yóò sì gbà.

Ní Ọjọ́rú, a lọ sí Ìtòkú, níbi tí àdìrẹ ti kún ọjà. Ìyá àgbà kan tí ó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbà wá lálejò. Ó fi láfún se ẹ̀kọ, ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun. Ó fún ọmọ wa obìnrin ní ìyẹ́ kan, òun náà ya ẹyẹ. Nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ, wọ́n rì í sínú aró elú. Bí aṣọ náà ṣe jáde, ó dà bí ewé. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di búlúù lójú wa. Ọmọ náà pariwo. Lẹ́yìn tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ẹyẹ rẹ̀ funfun gbòò. Gbogbo ibi tí ẹ̀kọ bò, aró kò ràn án.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí màmá sọ kò tíì kúrò lọ́kàn wa. “Pásítọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ ọnà wa ní Ṣáínà, wọ́n ń kó o wá tà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ọmọ mi kàwé, mo dúpẹ́. Bí mo bá kú, ta ni yóò di ìyẹ́ yìí mú?” Ẹ̀yin ará, ní Eksodu 31, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bésálẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ fún ayẹyẹ ìjọ, ẹ rántí irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ sí ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké. Ibẹ̀ ni a ti sọ ìtàn Samuel Ajayi Crowther fún wọn. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọmọdé ni. Ní ọdún 1846, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Òun kan náà ni ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Odidi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884. Ọmọkùnrin bèèrè pé, “Grandpa, èdè wo ni òun àti ìyá rẹ̀ fi sọ̀rọ̀?” A ní, “Yorùbá ni.” Ó dákẹ́ pẹ́. Bí Àjàyí bá ti gbàgbé èdè rẹ̀ lókè òkun, kí ni ìbá sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ní ọjọ́ Ẹtì, oúnjẹ ni. A jẹ ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù tí wọ́n fi irú àti epo sè. Ata mú omijé jáde lójú ọmọkùnrin, kò sì gbé abọ́ sílẹ̀. Lálẹ́, ìyá àgbà ro láfún. Ọmọbìnrin wò ó, ó ní, “Èyí tí a fi ya ẹyẹ!” Bẹ́ẹ̀ ni o: ẹ̀gẹ́ tí ó ń bọ́ Ẹ̀gbá náà ni ó ń ṣe aṣọ wọn lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a lọ wo Ilé Ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, kí a tó padà sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi àdúrà ìdílé, ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ó sọ: “Olúwa, ẹ ṣé gan-an.” Ìyá rẹ̀ sunkún.

Ẹ̀yin òbí, kò di dandan kí ó jẹ́ Abẹ́òkúta. Ìlú yín náà ní ìtàn, ó ní oúnjẹ, ó ní oníṣẹ́ ọnà. Ẹ ka Deuteronomi orí 6: ojú ọ̀nà wà lára ibi tí Ọlọ́run ní kí a ti máa kọ́ ọmọ. Ẹ ya ọjọ́ sọ́tọ̀, ẹ pa tẹlifóònù, ẹ mú àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ sì bá wọn sọ èdè yín. Bí ẹ kò bá lè lo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lo ọjọ́ kan.

Kí Olúwa so ìdílé yín pọ̀, kí àwọn ọmọ yín má ṣe di àjèjì sí yín, ní orúkọ Jésù. Àmín.