Owó Oúnjẹ Tí A Ò Jẹ

Ní ọdún 1981 ni kóòtù ìbílẹ̀ kan ní Ìbàdàn tú èmi àti baba àwọn ọmọ mi ká. Adájọ́ ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi, kí baba wọn máa san ₦20 lóṣooṣù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó máa kó o fún akọ̀wé kóòtù, kí n sì máa lọ gbà á níbẹ̀. Owó oúnjẹ ni wọ́n pè é. ₦40 kì í ṣe owó kékeré nígbà náà o! Ọdún yẹn gan-an ni òfin ìjọba sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di ₦125.

Mo ti gbọ́ ohun tí ìyá ọkọ mi ń sọ kiri àdúgbò, pé nítorí àtijẹ owó ọmọ òun ni mo ṣe kó àwọn ọmọ lọ. Mo bá búra pé n ò ní fi kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ ra iyọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbà á, báǹkì ni mo gbà lọ. Mo ṣí ìwé ìfowópamọ́ lórúkọ àwọn ọmọ, èmi sì ni olùtọ́jú rẹ̀ títí wọn ó fi tójú bọ́. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀ la ó jẹ.

Ẹ má tíì yìn mí. Ìgbà mìíràn wà tí gaàrí là ń mu sùn, tí ìwé báǹkì wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Dàpọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti rí ìwé náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, “Màámi, ṣé bàbá wa kì í fi owó ẹja ránṣẹ́ ni?”

Mo ní, “Ó ń fi ránṣẹ́.”

“Ẹja náà ńkọ́?”

N ò rí èsì fọ̀. Mo lé e lọ sùn.

Baba wọn san án déédéé fún bí ọdún méjì, lẹ́yìn náà ó di kó san lóṣù yìí, kó sá lóṣù tó ń bọ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì kóòtù títí ìdí fi ń dùn mí. Ní 1985, ìyá kan tí a jọ ń tajà sọ fún mi pé, “Ìyá Dàpọ̀, yọ owó yẹn, fi ra ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ.” Mo ní owó ọmọ ni, n ò fi ta tẹ́tẹ́. Ṣebí mo gbọ́n!

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ sọ́jà. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó fi di 1990, náírà bíi mẹ́jọ ni dọ́là kan. Èmi tí n ò fojú kan dọ́là rí, lára aṣọ tí mò ń tà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Owó inú ìwé kò dín o, àní ó lé díẹ̀. Ohun tí ó lè rà ló ń sá.

Ní 1991 tí Dàpọ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a yọ owó náà: ₦3,214. Mo pín in sí méjì, mo fi ti àbúrò rẹ̀ pamọ́. Ti Dàpọ̀ ra mátírẹ́ẹ̀sì, sítóòfù àti ìwé díẹ̀, ó san owó ilé oṣù mélòó kan, ó tán. Ó ṣí ìwé náà wò láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, gbogbo ₦40, ₦40 yẹn. Ó ní, “Màámi, ẹja yẹn rèé.” Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò nínú ọ̀rọ̀ tó bá kan ọmọ. Èmi, ẹnu ìyá ọkọ ni mo kọ́kọ́ wò.

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, tí kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ tú òun àti ọkọ rẹ̀ ká, wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó ti gbọ́ ìtàn ìwé báǹkì mi, ó fẹ́ kí n mú òun lọ ṣí irú rẹ̀. Mo bi í ohun tí àwọn ọmọ jẹ lánàá. Ó dákẹ́. Mo ní kó lọ ra ẹja ná, kó padà wá bí owó bá ṣẹ́kù.