Wákàtí Mẹ́jọ Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ọdún 22 ni bàbá mi fi ń ti Magboro lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Kò sí ìgbà tí aago 5 ìdájí bá wọn nílé, torí ẹni tó bá pẹ́ jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kárà àti Berger ló ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń parí oorun wọn.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n sì ti pé ẹni ọdún 67, ṣùgbọ́n oorun ò padà wá. Aago 9 alẹ́ ni wọ́n ń wọlé sùn, aago 5 ni wọ́n ń dìde. Bí ẹ bá bi wọ́n, wákàtí 8 ni wọ́n á ní àwọn sùn. Mo bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oorun gidi ò ju wákàtí 5 àbọ̀ lọ. Ìtọ̀ òru, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti yíyí síhìn-ín sọ́hùn-ún ló gba ìyókù.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi wákàtí téèyàn sùn wé wákàtí tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá tó 85 nínú 100, ó dára. Ti bàbá mi ò tó 70. Lóòótọ́, oorun àgbà máa ń fẹ́lẹ́, àmọ́ ẹni tó ti lé ní ọdún 65 ṣì nílò wákàtí 7 sí 8. Oorun tí ò dán mọ́rán sì sábà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ rìn. Ní ọdún 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìlera àwọn àgbà ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, àìróorunsùn sì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò.

Nílé wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àgbà kì í sùn, ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra oògùn oorun ní kẹ́mí­ìsì. Mo ní kó dúró ná, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí òòyì kọ́ àgbà, kó sì ṣubú lóru. A mú ìwé ọ̀sẹ̀ kan yẹn lọ fún dókítà. Ó béèrè ìgbà tí bàbá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, èyí tó ń mú èèyàn tọ̀. Alẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀. Ìtọ̀ òru dín kù láti ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè iye ìgbà tí wọ́n jí lóru. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.