Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀, Òtútù Òwúrọ̀ àti Àwọn Ọmọ Wa

Iṣẹ́ mi ní Tempelhof níhìn-ín ni láti máa bá àwọn ẹbí dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ó ti wọ inú iṣẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò tan ọkọ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá, yóò gbé ẹ̀gbọ́n jókòó sínú rẹ̀, yóò sì tún gun òkè padà lọ gbé àbúrò. Aládùúgbò kan rí i, ó sì pe ọlọ́pàá. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹkún ni mo bá lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ṣé kí n jẹ́ kí òtútù pa ọmọ ni? Wọ́n kàn kórìíra wa ni.”

N kò lè búra pé kò sí ìkórìíra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Carbon monoxide tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bí yìnyín bá sì dí ihò èéfín, ó lè gba inú ọkọ̀ wọlé bá ọmọ tí ń sùn. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìrìnnà ilẹ̀ Jámánì, ní abala 30, ka jíjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìnídìí léèwọ̀. Láti 2021, 80 euro ni ìtanràn rẹ̀.

Àwọn tí òtútù wọn le ju tiwa lọ ti wá ọgbọ́n dá sí i tipẹ́. Ní 1949, Andrew Freeman, ará Grand Forks ní North Dakota, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ohun èlò oníná mànàmáná tí ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ní Kánádà àti Finland, ẹ ó rí ọkọ̀ tí okùn iná ń yọ níwájú rẹ̀ bí ahọ́n. Irin kan ni mẹkáníìkì ń fi sára ẹ́ńjìnnì, nínú omi tí ń tù ú lára, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ki boiling ring bọ garawa omi ìwẹ̀ nígbà tí a wà ní yunifásítì. Ọ́ìlì tí ó ti ki bí ẹ̀kọ tí ń dì yóò tún ṣàn. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ti tó. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ mọ́jú, owó iná ni ó ń sun.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí iná fà? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ẹ̀bá títì ni a sì ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe na wáyà kọjá ibi tí àwọn arúgbó ń rìn. Ìdí nìyí tí àwọn ará Jámánì fi fẹ́ràn Standheizung, irú èyí tí Webasto àti Eberspächer ń ṣe. Epo inú táǹkì ọkọ̀ ni ó ń jó, tí ẹ́ńjìnnì kò ní tan rárá; yóò mú inú ọkọ̀ gbóná, yóò sì yọ́ yìnyín ojú gíláàsì. Òun náà ń rú èéfín, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ tàn án nínú gáréèjì tí a tì pa. Ó sì ń fa bàtìrì: ẹni tí ó tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹ kí ó wa ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ pẹ̀lú owó oníṣẹ́ sábà máa ń ju 1,000 euro lọ. Èyí tí ó pọ̀kú tí kò ní àmì àṣẹ lè mú kí ọkọ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti rìn lójú títì.

Ká sọ òótọ́, òtútù Berlin kò le tó ti Kánádà. Bí bàtìrì bá lágbára, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni yóò tan. Ohun tí mo sọ fún ìyá náà nìyẹn. Ó pààrọ̀ bàtìrì rẹ̀, ó ra ìbòrí gíláàsì, ó sì ń gbé ọmọ méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Ẹ̀wù òtútù tí ó nípọn ni ó ń bọ́ kúrò lára wọn kí ó tó di bẹ́líìtì mọ́ wọn, kí bẹ́líìtì lè mú wọn dáadáa, yóò wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Òun àti aládùúgbò yẹn kò tíì kí ara wọn títí di òní.