Ta Ló Wà Lábẹ́ Ohùn Yẹn?

Àwa márùn-ún ni. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston là ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí èèyàn ti lè ra èlùbọ́ láìrìn jìnnà sílé. Lọ́dún 2017, ìjì Harvey da òjò lé ìlú yìí lórí fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Omi wọ ilé ẹni méjì nínú wa. A pe nọ́ńbà pàjáwìrì títí, kò sẹ́ni tó gbé e, nítorí gbogbo ìlú ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sọ wá di oníràdíò nìyẹn.

Ham radio ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí ẹ̀yin náà lè fi fèsì ni. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ìbéèrè 35, ẹni tó bá gba 26 ti yege. Ìjọba á fún ọ ní ìwé-àṣẹ ọdún 10 àti orúkọ ìpè tí kò sẹ́lòmíràn tó ń jẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni, àjọ NCC ló ń fúnni, 5N sì ni orúkọ ìpè ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. A kì í gbowó fún iṣẹ́ náà.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣòro fún wa: kí a má kí èèyàn. Ẹ sáà mọ̀ wá. Yorùbá tó pe èèyàn láìbéèrè ara, ilé, iṣẹ́ àti àwọn ọmọ, ṣé wọ́n kọ́ ọ nílé? Ṣùgbọ́n lásìkò pàjáwìrì, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò. Ẹnì kan á wà tí yóò máa darí rẹ̀. Wàá dá orúkọ ìpè rẹ, wàá sọ ohun tó o fẹ́ sọ, wàá dákẹ́.

Ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024, ìjì Beryl dé. Ilé tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ni iná kú fún, nínú ooru Texas. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù àdúgbò wa ń wá, ó ń lọ. A pín òpópónà láàárín ara wa, à ń wo àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n wa àgbà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, rédíò oníwátì 50 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí ẹni tó ń darí, ó kí gbogbo ilé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn igi tó wó ní òpópónà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì.

Lákòókò kan náà, àbúrò wa obìnrin dúró lórí àtẹ̀gùn ilé kan, rédíò ọwọ́ oníwátì 5 lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì ti fẹ́ kú. Màmá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń fi mí ti dákẹ́ láti ìgbà tí iná ti lọ. Sílíńdà afẹ́fẹ́ tó kù sì ti ń tán. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Lórí FM, bí ohùn ńlá bá pàdé ohùn kékeré, ńlá á bo kékeré mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tú ọwọ́ sílẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ kan yọ, ó sì pòórá. Bàbá aláwọ̀ funfun tó ń darí ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ó ní, “Ta ló wà lábẹ́ ohùn yẹn?”

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn la ti gbọ́ ọ, ní gígé-gígé: orúkọ ìpè, nọ́ńbà ilé, “oxygen.” Bàbá náà, tí fóònù ilé tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pe ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n dé bá màmá láàyè.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n wa lọ bá àbúrò wa. “Ẹ má bínú,” ló sọ. Ẹ ló pè é, ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún 20 jù ú lọ. Àbúrò wa wá kúnlẹ̀, ojú ń tì í, kò mọ ohun tó lè sọ. Àwa yòókù náà ò sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́nì kan nínú wa tí kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí. Tirẹ̀ ló kàn bọ́ sí ọjọ́ tí ẹnì kan wà lábẹ́.

Ní báyìí, kí a tó tẹ bọ́tìnnì, a máa ń gbọ́ ná. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, a máa ń tú ọwọ́ sílẹ̀, ká fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

Lọ́jọ́ tí a lọ wo màmá, wọ́n bi wá léèrè ara, ilé, iṣẹ́, títí dé orí àwọn ọmọ tí a ò tíì bí. A dáhùn gbogbo ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.