Ìṣẹ́jú Kan ní Ọ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Bìní rí yóò mọ Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí pàápàá a máa wí pé, 'Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀,' nítorí ogun tí a jà níbẹ̀ ní 1967. Ìjà tí èmi jà níbẹ̀ kò ní ariwo ìbọn. Nínú yàrá dókítà ni, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Dókítà tuntun ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Ọ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan ti oko kòkó wá, ó pọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì. Ara ọmọ náà gbóná, ó sì ń wúkọ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, 'Dókítà, ẹ dákun, ẹ bá mi fún un lábẹ́rẹ́. Owó ọkọ̀ tí mo fi wá, mo yá a ni.'

Ojú ìyá ni mo wò, n kò wo àyà ọmọ. Mo kọ abẹ́rẹ́ ibà àti oògùn ikọ́, mo sì ti ń pe ẹni tí ó kàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ìwé náà, kò fún ìyá ọmọ. Ó rọra bi mí pé, 'Dókítà, ṣé ẹ ti ka mímí rẹ̀?'

Mo ní, 'Màmá, ṣé ẹ kò rí èrò tí ó wà níta ni?'

Ó ní, 'Mo rí wọn, sà. Ìṣẹ́jú kan náà ni.' Ó ká ẹ̀wù ọmọ sókè, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń kà. Nígbà tí ìṣẹ́jú pé, ó ní, 'Méjìléláàádọ́ta.'

Ojú tì mí. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2005, tí wọ́n tún ṣe ní 2013, fún irú ilé ìwòsàn wa yìí gan-an, wà lórí tábìlì mi, eruku ti bò ó. Ohun tí ó wí kò ṣòro: bí ọmọ bá ń wúkọ́, kí a ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, nígbà tí kò sunkún. Bí ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún mí tó 40, òtútù àyà ni kí a fura sí, oògùn amoxicillin ni yóò sì lò. Bí ara bá gbóná, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún un ní oògùn ibà. A yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò: kò ní ibà. Abẹ́rẹ́ mi kì bá má ṣe é lóore kankan. Ó ń mu omi dáadáa, kò sì sí àmì ewu mìíràn, nítorí náà a wọn ìwúwo rẹ̀, a fún un ní oògùn tí ó bá a mu, a ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti máa ń rò pé ẹni tí kò gbọ́n tó ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àwọn àgbà ni ìwé náà: ohun tí wọ́n kọ́ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń fún àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní káàdì tí a ń kọ ìwúwo ọmọ sí, kí ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ má baà máa méfò. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé.

N kò ní purọ́ fún yín: nígbà mìíràn òṣùwọ̀n a bàjẹ́, oògùn a sì tán. Ìwé kò lè tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ṣaláìní ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ìyá ni mo tọ́jú, n kò tọ́jú àrùn ọmọ.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, wọ́n padà wá. Ọmọ náà ń fa ọsàn mu. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì nawọ́ sí nọ́ọ̀sì àgbà. Inú mi dùn, síbẹ̀ n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ tí mo ti rí ṣáájú rẹ̀ ni mo ń rò, àwọn tí n kò ka mímí wọn, tí wọn kò sì padà wá.