Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ike

Ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá mi ni owó ilé ẹ̀kọ́ wa ti ń wá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ní Ute níbi tí à ń gbé, àgbẹ̀ pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Kòkó, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu kò sì lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ọjà Ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù ló ń bá àwọn àgbẹ̀ kó ẹrù, wọn a sì sanwó fún un. Peugeot 504 ni bàbá mi kọ́kọ́ lò, láti ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn kú pátápátá, ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi tọ́jú owó kó tó ra Hilux funfun kan tí ẹlòmíràn ti lò.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, àmọ́ ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń bó. Àdá, ọkọ́, òkúta àti àwọn àpò tí wọ́n ń wọ́ lórí rẹ̀ ti họ ọ́ lára. Bàbá ní kí òjò tó dé, òun fẹ́ wá nǹkan tẹ́ ẹ.

Ìmọ̀ràn pọ̀. Wẹ́dà kan ní kí a jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi ní rọ́bà tó nípọn, tí wọ́n ń gé bí ẹní, ló dára jù. Ẹlòmíràn sọ fún wa nípa ike dúdú kan tí wọ́n ń tà ní Benin. Wọ́n ti mọ ọ́n bí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an, a ó kàn gbé e sínú ọkọ̀ ni, a ó sì fi síkúrù dè é. A tún gbọ́ nípa ọ̀dà kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n, tó ń gan mọ́ irin bí rọ́bà. Wọ́n ń lò ó púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára wa lọ.

Bàbá yíjú sí mi. SS1 ni mo wà nígbà náà.

“Ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, èwo lo rò pé ká rà?”

Mo ti rí ike náà nínú ọkọ̀ olówó kan tó wá ṣe òkú ní àdúgbò wa. Ó ń dán. Mo dáhùn kíá pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ra ike. Ike kì í dípẹtà.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ bàbá mi. Nígbà tí wọ́n dé ike náà tán, gbogbo ẹni tó bá kí i kú orí ire ló ń sọ fún pé, “Ọmọbìnrin mi ló yàn án.” Orí mi wú.

Ní oṣù Keje ọdún yẹn, bí mo ṣe ń fọ ọkọ̀ náà ní Sátidé kan, mo rí omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ó pupa bí àgbo. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, mo sì rí i pé láti ẹ̀gbẹ́ síkúrù ló ti ń jáde. Ohun tí èyí túmọ̀ sí yé mi dáadáa. Ní táàmù yẹn gan-an, olùkọ́ Kẹ́mísírì wa ti fi ìṣó mẹ́ta sínú ìgò mẹ́ta. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò dípẹtà. Èyí tó wà nínú omi tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì da òróró lé kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́, kò dípẹtà. Èyí tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ kàn nìkan ló dípẹtà. Olùkọ́ wa fi kún un pé iyọ̀ máa ń mú kí ó yá kíákíá, irú iyọ̀ kan sì ni ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń rà nínú àpò. Ajílẹ̀ yìí náà wà lára ẹrù tí bàbá mi ń kó.

Òótọ́ ni pé ike kì í dípẹtà. Ṣùgbọ́n ike kọ́ ni a fẹ́ dáàbò bò, irin ni. Wọ́n ti lu ihò sára irin náà kí síkúrù lè wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀dà kun ẹnu ihò wọ̀nyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n ní ọ̀nà oko, ike yóò máa ha ọ̀dà tó kù. Omi tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, oòrùn kò sì rí i kó gbẹ ẹ́.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dákẹ́. Èmi ni mo yàn án, wọ́n sì ti yìn mí. Mo fi àkísà nu omi pupa náà. Ní gbogbo Sátidé tí mo bá tún rí i, mo nù ún, títí òjò ọdún yẹn fi lọ, tí ti ọdún kejì dé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún kejì, bàbá mi lọ kó kòkó gbígbẹ fún ìyá opó kan ní àdúgbò wa. Àpò méje ni. Wọ́n fi tàpólì bò ó dáadáa, òjò sì rọ̀ lé wọn lórí ní ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta ni ẹni tó fẹ́ ra kòkó náà tó dé. Ó ki ọwọ́ bọ inú àwọn àpò tó wà nísàlẹ̀, ó sì kó kòkó jáde tí nǹkan funfun bí òwú ti bò lára. Ó ti bu. Àpò méjì ni kò rà.

Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn jókòó lórí àpò kan, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kó o, òjò sì kọ́ ló wọ̀ ọ́ láti òkè.”

Bàbá mi san owó àpò méjèèjì. Owó tó ti yà sọ́tọ̀ fún ìwé ìdánwò WAEC mi wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wẹ́dà tú síkúrù, wọ́n sì gbé ike náà kúrò. Ẹrẹ̀, èso kòkó àti ajílẹ̀ tó ti yòrò ló kún ibẹ̀. Àgbàdo kan tilẹ̀ ti hù nínú ẹrẹ̀ náà, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí kò rí oòrùn. Nígbà tí a gbá ẹrẹ̀ kúrò, mo rí ilẹ̀ láti inú ọkọ̀. Irin tó wà lókè táyà ti jẹ tán. Ibẹ̀ ni táyà ti ń fọ́n omi ọ̀nà wọlé, omi náà sì ń gba ẹnu síkúrù dé ìdí àpò.

Wẹ́dà mi orí. “Ṣé kò fi àmì kankan hàn rárá ni?”

Bàbá mi ní, “Kò fi hàn.”

Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá tó jókòó lórí àpò, mo sì kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó fi hàn. Mo ti rí i láti ọdún tó kọjá.”

Mo rò pé wọ́n máa lù mí. Wọn kò lù mí. Wọ́n jókòó sórí táyà kan, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. “Ike kò ṣẹ̀ mí. Ó ní òun kò ní dípẹtà, kò sì dípẹtà. Ìwọ ni mo fi ṣe ojú.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju pàṣán lọ.

Wẹ́dà gé ibi tó jẹ náà kúrò, ó jó irin tuntun sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tó kù títí irin fi funfun, ó sì kun ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi tún bi mí pé, kí ni ká tẹ́ ẹ? Ẹnu yà mí pé wọ́n tún lè bi mí. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò dáhùn kíá. Mo bi ara mi pé, irú ẹrù wo ni à ń kó? Ibo ni omi yóò gbà jáde? Ṣé a lè ṣí i wò? Irin pẹlẹbẹ yóò mú ọkọ̀ wúwo, omi sì lè há sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n kì í jẹ́ kí omi wọ abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ́n ọn lé ìpẹtà, ìpẹtà yóò máa jẹun lọ lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà ni mo yàn, èyí tí a gé sí méjì kí ẹnì kan lè dá a ká, láìlo síkúrù kankan. Kò dán bí ike.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Mo ti wá mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà lè jẹ́ irọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí ọ̀dà díẹ̀ ṣì lè tún un ṣe.

Ní gbogbo Sátidé, mo ń ká rọ́bà náà sókè kí n tó fọ ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí àmì pupa kan níbi igun, kò ju ẹ̀pà lọ. Mo fi korobá sílẹ̀, mo sì lọ pe bàbá mi.